Ọdẹ, Aya Ọdẹ àti Igbó: Ìtàn Ìgbẹ́ Dídẹ ní Gúúsù Èkìtì

Àwọn àgbà ní, bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, a sì máa ń pa á fún ẹni tí ó ṣe oore tí wọ́n fi ibi san án. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ ti ọdẹ inú òwe náà gan-an. Ó pa ẹran, ó sì fún ènìyàn jẹ. Ta ni àwọn tí ó fún? Kí ni wọ́n ṣe tí ìpín fi tọ́ sí wọn? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ fi wo ìtàn iṣẹ́ ọdẹ ní apá gúúsù Èkìtì, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ àti Emùré, nítorí pé lójú tèmi, a ti ń wo ọdẹ bí ẹni tí ó dá wà jù.

Kò yani lẹ́nu. Ìwé ni ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1938 tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà ti jáde ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bá Àkàrà-ògùn wọ igbó, òun nìkan ṣoṣo ní ìgbà méjì àkọ́kọ́, ìbọn léjìká, iwin níwájú, iwin lẹ́yìn. Nígbà tí Adébóyè Babalọlá gbé ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966, ohùn ọdẹ ni ayé gbọ́. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn àgbà méjèèjì yìí ṣe, kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Síbẹ̀, obìnrin tí ó yan ẹran, ọmọ tí ó gbé àpò, àna tí ó ń retí itan, àwọn wọ̀nyí kì í sábà wá sí wa lọ́kàn bí a bá gbọ́ “ọdẹ.”

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Dẹ ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀: a ń dẹ igbó, a ń dẹ pàkúté, a ń dẹ ìdẹkùn. Ẹni tí ó ń dẹ igbó ni ọdẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ pàápàá, ọdẹ ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ àmì ohùn o! Ọdẹ kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Ẹtu tí ó ń sá nínú igbó kì í ṣe ẹtù tí ó ní ìyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀tù tí a ń kì sínú ìbọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdẹ kan lè fi ẹ̀tù pa ẹtu àti ẹtù ní òwúrọ̀ kan náà. Ẹ tún wo orúkọ tí ìdílé ọdẹ ń sọ ọmọ: Ọdẹ́wálé, Ọdẹ́túndé, Ọdẹ́yẹmí, Ọdẹ́jọbí. Ọdẹ wá sílé, ó tún dé, ó yẹ mí, àwọn ọdẹ jọ bí ọmọ. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tí ó dárúkọ ẹran tí a pa. Ilé ni gbogbo wọn kọjú sí, tàbí kí n sọ pé ulé, bí ará Èkìtì ṣe ń pè é, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń pe igbó ní ugbó.

Ní Ìkẹ́rẹ́, ìtàn tí ààfin ń sọ ni pé ọdẹ ni Ògògà àkọ́kọ́, ọdẹ erin tí ó ti ilẹ̀ Bìní wá, tí ó sì dé ilẹ̀ tí ó wà láàárín àwọn òkè àpáta bí Olósùnta àti Òróle. Ó bá ènìyàn níbẹ̀. Olúkẹ́rẹ́ ni olórí wọn, òun ni ìbọ Olósùnta sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Àríyànjiyàn tí ó wà láàárín ìtẹ́ méjèèjì lórí ẹni tí ìlú tọ́ sí kò tíì tán títí di òní, n kò sì ní dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ohun tí ó gba àfiyèsí mi ni iṣẹ́ tí wọ́n ní àlejò náà ń ṣe. Èé ṣe tí ó fi jẹ́ ọdẹ erin? Kí ni kò jẹ́ kí wọ́n ní oníṣòwò ni, tàbí babaláwo?

Ẹ rò ó wò. Erin kì í ṣe ẹran ìdílé kan. Ọdẹ tí ó bá pa erin níbi tí kò ní ìbátan kò lè dá a kun, kò lè dá a gbé, kò lè yan án tán kí ó tó rà. Dandan ni kí ó ké sí àwọn ará ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ àti apẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, àjèjì tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní aya, ti di ẹni tí ó bọ́ gbogbo ìlú. Èmi rò pé ibẹ̀ ni agbára irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà: pípín ẹran ni ó sọ ọdẹ di ẹni tí a ń yí ká. Ọ̀nà kan náà ni òfin ẹkùn gbà, ṣùgbọ́n ní ìdàkejì. Ọdẹ tí ó bá pa ẹkùn kò gbọdọ̀ gbé e pamọ́ sílé ara rẹ̀. Ààfin ni ó ń gbé e lọ, nítorí pé ọba ni ó ni awọ ẹkùn. Erin ni ọdẹ fi ń bọ́ ìlú, ẹkùn ni ó fi ń fi hàn pé òun mọ ẹni tí ó ni ìlú.

Ṣùgbọ́n erin kì í ṣe ẹran ojoojúmọ́. Ọdẹ gúúsù Èkìtì, àgbẹ̀ ni ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà: iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, lẹ́yìn náà kòkó. Ọ̀yà ń jẹ àgbàdo rẹ̀, òkété ń hú iṣu rẹ̀, nítorí náà pàkúté tí ó dẹ yí oko ká ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan: ó ń ṣọ́ oko, ó sì ń wá ọbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin tí kò tíì tó gbé ìbọn ni a ń rán lọ wo ebìtì ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Òun ni yóò di ẹnu ihò òkété yòókù nígbà tí bàbá bá ń fẹ́ èéfín sí ọ̀kan. Yóò mọ ẹsẹ̀ ẹran nínú ẹrẹ̀, yóò mọ èso tí ẹtu ń jẹ, yóò mọ̀ bí a ṣe ń rìn kí ewé gbígbẹ má ṣe dún, kí ẹnikẹ́ni tó fi ìbọn lé e lọ́wọ́. Ajá náà ń kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Nígbà tí a bá ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ẹ̀kọ́ tí ajá kọ̀ láti gbọ́ ni à ń sọ.

Òru ni ti àwọn ọkùnrin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, fìtílà kábáìdì ni wọ́n ń so mọ́ iwájú orí kí tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì tó gba ipò rẹ̀. Iná yẹn a tan mọ́ ojú ẹran, ojú ẹran a sì tan padà. Bí ó ṣe pupa sí, bí ó ṣe ga sí ilẹ̀, bí ojú kan ṣe jìnnà sí èkejì, ni ọdẹ fi ń mọ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ kí ó tó yìnbọn. Ẹni tí kò bá lè ka ojú ẹran lóru yóò yìnbọn fún ọmọ ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí ọdẹ fi ń sọ fún ilé ibi tí òun ń lọ, tí àwọn ọdẹ ìlú kan náà sì máa ń mọ ọ̀nà ara wọn.

Kí ó tó kúrò nílé, aya rẹ̀ ti di gàárì sí àpò. Bí ó bá dé, iṣẹ́ ọdẹ parí, iṣẹ́ aya ọdẹ bẹ̀rẹ̀: a óò fi iná jó irun ẹran, a óò há a, a óò kun ún, a óò tò ó sórí iná tí kò gbọdọ̀ jó ju bí ó ti yẹ lọ, a óò sì máa yí i padà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹran tí kò bá gbẹ dáadáa yóò rà, gbogbo òru ọkùnrin náà á sì di asán. Aya ni ó ń gbé èyí tí wọ́n máa tà lọ sí ọjà. Òun ni ó sì mọ iye owó ẹ̀tù tí wọ́n jẹ.

Ìpín wá kù. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń ṣe é, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ìlànà kan ṣoṣo fún yín. Ti Ògún wà níbẹ̀, agbárí ẹran a sì máa wà lára ohun tí à ń rí ní ojúbọ rẹ̀. Ti baálé wà níbẹ̀, ti ẹni tí ó bá ọdẹ ru ẹran wálé, ti àna, ti ìyá ọdẹ. Ajá pàápàá ní ìpín. Ọmọ ni à ń rán kiri pẹ̀lú abọ́: “Gbé èyí fún bàbá rẹ àgbà, gbé èyí fún ìyá Adé lẹ́yìn odi.” Bí ọmọ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ó ti mọ gbogbo ìbátan rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni jókòó kọ́ ọ. Ìdáhùn sí ìbéèrè òwe wa nìyí: àwọn tí ọdẹ fún jẹ ni àwọn tí wọ́n bá a pa ẹran láìyìnbọn, àti àwọn tí yóò sin ín bí igbó bá pa á.

Ìgbádùn tilẹ̀ tún wà nínú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí koríko bá ti gbẹ, àwọn ọ̀dọ́ a kó ajá àti kùmọ̀ jọ, wọ́n a dáná sun igbó ọ̀yà, ẹ̀rín àti ariwo a gba oko kan. (Iná yẹn náà ti jó oko kòkó àwọn ẹlòmíràn run, ọ̀ràn rẹ̀ sì máa ń dé ààfin.) Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tọmọdé tobìnrin a gbé fìtílà, wọ́n a wá ìgbín lọ. Ẹni tí kò bá tíì fi ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ jẹ iyán Èkìtì, kí ó má dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní 1886, tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká títí di 1893, mú ìbọn pọ̀ sí i lọ́wọ́ àwọn ará Èkìtì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kòkó dé. Ohun tí ìbọn kò lè ṣe, kòkó ṣe é: ẹgàn di oko, erin àti ẹfọ̀n kò rí ibi gbé mọ́.

Ibi tí ó kù ni Ìsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Ìsẹ̀ nítorí Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére Arínjale, ẹni tí ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Igbó ni èmi fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n mọ́. Igbó ọba Ìsẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 142 kìlómítà níbùú lóòró, ó sì wà lára àwọn ibi díẹ̀ tí ìnàkí, ẹbí ọ̀bọ tí ó tóbi tí kò ní ìrù, ṣì kù sí ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1985 ka pípa rẹ̀ léèwọ̀. Ọgbọ́n ọdẹ pàápàá tó láti ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ọ̀yà lè bí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ọmọ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, ìnàkí ń bí ọmọ kan ní nǹkan bí ọdún márùn-ún. Èyí tí a bá pa lónìí, ọmọ tí yóò rọ́pò rẹ̀ lè má tíì sí nínú oyún. Ẹ má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru ọdẹ o. Ayùn agégi àti oko tí wọ́n ń dá sínú igbó ọba ń ba ilé ẹranko jẹ́ ju ìbọn ṣakabùlà lọ.

Ṣùgbọ́n ọdẹ náà yí padà. Ẹran tí wọ́n fi igi gún, tí wọ́n gbé dúró létí títì fún onímọ́tò, kò dé ọ̀dọ̀ àna mọ́, ọmọ kò sì gbé abọ́ kiri. Owó ilé-ìwé ni, a kò lè bá wọn wí. Nígbà tí àìsàn Ebola wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ẹran ìgbẹ́, àwọn obìnrin tí ń yan án ni ọjà kú mọ́ lọ́wọ́ jùlọ.

Ní ìlú ńlá, bí o bá ní “ọdẹ” lónìí, ẹni tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru ni wọn yóò rò. Èkìtì náà ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 ni wọ́n ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn fún gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá, àwọn ọdẹ sì pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbà. Ọ̀dọ́ ìsinsìnyí mọ orúkọ ẹranko yẹn lára aṣọ ẹ̀ṣọ́ ju inú igbó lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé-ìwé kan lọ́nà ní Emùré, wọ́n kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn wọ igbó, wọ́n sì pa awakọ̀ wọn. Ọlọ́pàá, Àmọ̀tẹ́kùn àti àwọn ọdẹ ni wọ́n wọ igbó tẹ̀ lé wọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ni àwọn ọmọ náà padà sílé. Irú òru bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ẹran tí bàbá fi han ọdẹ nígbà èwe ni ó fi ń wá ẹsẹ̀ ènìyàn. Aya rẹ̀ a di gàárì sí àpò fún un bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì ní dá iná ìyanran sílẹ̀ dè é.