Èkúté Inú Bàálù: Ìtàn Tí Àwọn Ìwé Ìtàn Gbójú Fò Dá

Bí a bá ní ká sọ ìtàn bàálù, orúkọ tí gbogbo wa mọ̀ láti ilé-ìwé ni ti Wilbur àti Orville Wright, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Amẹ́ríkà tó fò ní Kitty Hawk ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903. Ìtàn fẹ́ràn ẹni tó fò. Ṣùgbọ́n bàálù kékeré oníjòkòó méjì tàbí mẹ́rin kì í pẹ́ lófurufú. Ilẹ̀ ló ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, ilẹ̀ náà sì ni ọ̀tá kan ti ń bá a: èkúté. Ìjà àwọn méjèèjì la fẹ́ sọ lónìí, nítorí a gbà pé ẹni tó tọ́jú nǹkan kó má bàjẹ́ náà yẹ lẹ́ni tí ìtàn ń dárúkọ.

Èkúté ti ń wọ ọkọ̀ kí bàálù tó dáyé. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Hong Kong ní ọdún 1894, Alexandre Yersin rí kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á. Ní ọdún 1898, Paul-Louis Simond fi hàn pé kòkòrò kékeré tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku ló ń kó àrùn náà ran èèyàn. Láti ìgbà náà ni àwọn èbúté ti ń fojú ọ̀tá wo èkúté inú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ń fi páànù ribiti sára okùn tí wọ́n fi so ọkọ̀ mọ́ èbúté, kí eku tó bá ń rìn lórí okùn lè débẹ̀ kó má rí ọ̀nà kọjá. Ní ọdún 1926, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé kí wọ́n máa yẹ ọkọ̀ wò, kí ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti lé eku inú rẹ̀ máà ju oṣù mẹ́fà lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa rárá: ní ọdún 1924, àrùn náà wọ Èkó, ó sì pààyàn níbẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan.

Ẹ jẹ́ ká padà sí bàálù. Igi àti aṣọ òwú ni wọ́n fi ṣe ti àwọn Wright. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, igi àti aṣọ náà ló ṣì pọ̀ jù. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ igi pọ̀ ńkọ́? Nínú wàrà ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn. Ẹ wò ó ná: igi tó ṣeé gé jẹ, aṣọ tó ṣeé fà ya fún ìtẹ́, àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi wàrà ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé fún èkúté kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kódà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, gọ́ọ̀mù wàrà yìí wà lára bàálù Mosquito tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi igi ṣe, kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù oníkẹ́míkà rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ọ̀rinrin ilẹ̀ olóoru ń bà á jẹ́.

Láàárín ọdún 1938 sí 1947, ilé-iṣẹ́ Piper ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ṣe bíi 20,000 bàálù J-3 Cub, èyí tó máa ń ní àwọ̀ ìyeyè. Ọ̀pá irin ni egungun ara rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ ni awọ rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, àwọn èèyàn rò pé olúkúlùkù ìdílé ni yóò ní bàálù bí ẹní ní mọ́tò. Ní ọdún 1946 nìkan, àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣe ju 30,000 bàálù kékeré lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 1947, ọjà ti dẹnu kọlẹ̀. Bàálù pọ̀, àwọn tó ń fò ó kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ sì wà nínú abà oko níbi tí àgbàdo àti koríko gbígbẹ wà. Ta ni kò mọ ẹni tó ń gbé irú ibẹ̀?

Ìgbà tí alumíníọ̀mù gba ipò aṣọ, ó dà bí ẹni pé ìjà ti parí. Apá Cessna 170 ti ọdún 1948 ṣì jẹ́ aṣọ, ṣùgbọ́n ti 170A tó tẹ̀ lé e ti di páànù. Cessna 172, tó jáde fún ọdún 1956, jẹ́ páànù látòkè délẹ̀, wọ́n sì ti ṣe ju 44,000 rẹ̀ lọ títí dòní. Èkúté kò lè jẹ páànù. Àmọ́ àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ara bàálù kún fún ẹnu: ihò tí okùn ìdarí ń gbà, ihò tí omi ń gbà jáde, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ síbi ẹ́ńjìnnì. Ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6 péré ti tó fún ọmọ èkúté ilé láti wọlé.

Bó bá sì wọlé tán, ìtọ̀ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ibi. Iyọ̀ àti ásíìdì inú ìtọ̀ náà, pẹ̀lú ìtẹ́ tó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, máa ń jẹ alumíníọ̀mù láti inú. Ẹni tó dúró níta yóò rí apá bàálù tó ń dán, kò ní mọ̀ pé inú rẹ̀ ti ń jẹrà. Èkúté a tún máa gé wáyà jẹ, a máa gé rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé ara àwọn aago tó ń sọ eré àti gíga fún awakọ̀, a sì máa fi ìtẹ́ dí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí mọ́tò bá kú lójú títì, a ó sọ̀ kalẹ̀ tì í. Kò sí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ti bàálù lófurufú.

Ohun mìíràn tún mú ìjà náà le. Ní ọdún 1986, Cessna dá ṣíṣe bàálù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan onípísítìnì dúró. Ọjà ti dín kù, owó ẹjọ́ sì ti pọ̀. Òfin ọdún 1994 ló dá ọ̀pọ̀ ẹjọ́ dúró lórí bàálù tó ti lé ní ọdún 18, ìyẹn ni iṣẹ́ fi tún bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bàálù àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tún ṣe, ohun tó sì ti gbó ni ihò máa ń pọ̀ lára rẹ̀.

Ní ọdún 1993, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan pa àwọn èèyàn ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Àwọn oníṣègùn rí i pé fáírọ́ọ̀sì Hanta tí eku ìgbẹ́ ń gbé ni. Eruku ìgbẹ́ àti ìtọ̀ eku ni èèyàn ń fà símú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kìlọ̀ pé kí ẹni tó bá rí ìtẹ́ eku má ṣe gbá a ní gbígbẹ: kó ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó fi omi tí a pò mọ́ bílíìṣì rin ín, kó tó nù ún. Àwa tí a mọ ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní ọdún 1969, kò yẹ ká fi irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń dènà rẹ̀? Ọgbọ́n èbúté náà ni: gé ọ̀nà. Táyà ni èkúté sábà ń gùn, tàbí okùn tí wọ́n fi de bàálù mọ́lẹ̀ nítorí ẹ̀fúùfù. Nítorí náà, àwọn oníbàálù ń fi páànù tó ń yọ̀ yí táyà kọ̀ọ̀kan ká, kó ga ju ibi tí èkúté lè fò dé lọ. Àgbẹ̀ wa tó bá rí i yóò rẹ́rìn-ín, torí páànù bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń fi sí ẹsẹ̀ àká àgbàdo. Wọ́n ń fi kànrìnkàn onírin dí ihò tó bá ṣeé dí, wọ́n ń bo ojú ẹ́ńjìnnì, wọn kì í fi búrẹ́dì tàbí ẹ̀pà sílẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń dẹ pàkúté sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n a máa ṣọ́ra fún májèlé, torí èkúté tó bá jẹ ẹ́ lè lọ kú sínú apá bàálù níbi tí ọwọ́ kò dé. Kí bàálù tó ti pẹ́ nílẹ̀ tó tún fò, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú iná, kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò.

Ohun tí a rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé ohun èlò ń yí padà, ọ̀tá ń yí ọgbọ́n padà, àmọ́ iṣẹ́ olùtọ́jú kò yí padà. Ilé tí a kì í ṣí, èkúté ló ni ín. Bàálù tí wọ́n ń fò déédéé, tí wọ́n ń ṣí wò déédéé, kì í rọrùn fún un láti fi ṣe ilé. Nígbà mìíràn tí ẹ bá ka orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ fò, ẹ rántí ẹnì kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ apá bàálù, tó ń fi iná tọ́ọ̀ṣì wá ìgbẹ́ eku.