Doveadm

Doveadm jẹ́ irinṣẹ́ ìlà àṣẹ tí àwọn alákòóso sáfà fi ń darí Dovecot, ìyẹn sọ́fítíwíà tí ó ń tọ́jú ímeèlì sórí sáfà, tí ó sì ń fi í lé ẹni tí ó ni ín lọ́wọ́ nípasẹ̀ ìlànà IMAP àti POP3. Kò ní bọ́tìnnì tàbí àwòrán. Alákòóso a tẹ àṣẹ ní ọ̀rọ̀, èsì a sì jáde ní ọ̀rọ̀. Lára ohun tí a ń lò ó fún ni wíwá àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, kíkó ẹ̀dà ímeèlì inú rẹ̀ pamọ́, àti pípa èyí tí kò wúlò rẹ́.

Ìtàn

Timo Sirainen, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, ni ó kọ Dovecot. Ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Keje ọdún 2002. Doveadm wọlé pẹ̀lú ẹ̀dà 2.0, tí ó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2010. Ó gba iṣẹ́ àwọn irinṣẹ́ kéékèèké kan ṣe. Fún àpẹẹrẹ, dovecotpw, tí a fi ń ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà, di àṣẹ doveadm pw. Kóòdù Dovecot wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni sì lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Ewu àkáǹtì tí a pa tì

Bí òṣìṣẹ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, àkáǹtì rẹ̀ kì í bá a lọ. Ní agbègbè òwò bí Ìdúmọ̀tà ní Erékùṣù Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ ọjà ti ń wá láti òkè òkun, ìwé iye owó àti nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì lè wà nínú ímeèlì akọ̀wé tí ó ti lọ tipẹ́. Ẹni tí ó bá rí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ lè kọ̀wé lórúkọ ilé-iṣẹ́ náà pé kí oníbàárà san owó sí báǹkì mìíràn. Nítorí pé kò sí ẹni tí ń wọ inú àkáǹtì náà, kò sí ẹni tí yóò tètè fura. Ọ̀daràn tún lè fi í rán ímeèlì ẹ̀tàn káàkiri títí àwọn sáfà mìíràn yóò fi máa dá ojúlówó ímeèlì ilé-iṣẹ́ náà padà.

Irú ewu yìí kò mọ sí ímeèlì nìkan. Ní ọdún 2021, àwọn ọ̀daràn gba ojú àkáǹtì VPN kan tí a kò lò mọ́ wọ inú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Colonial Pipeline ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ náà dá gbígbé epo dúró fún ọjọ́ mélòó kan.

Bí a ṣe ń lò ó

Àṣẹ doveadm user '*' máa ń to orúkọ gbogbo àkáǹtì jáde, bí ibi tí a kọ wọ́n sí bá gbà bẹ́ẹ̀. Àfikún kan tí ń jẹ́ last_login máa ń kọ ìgbà tí oníkálukú wọlé kẹ́yìn sílẹ̀. Kò lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí a tó tan án.

Àìwọlé nìkan kò tó ẹ̀rí. Àkáǹtì kan lè wà tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń darí ímeèlì oníbàárà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nítorí náà, a máa ń kọ́kọ́ ti àkáǹtì náà pa, a ó sì fi doveadm kick já ẹni tí ó bá ṣì wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó dúró wò bóyá ẹnìkan yóò béèrè rẹ̀.

Doveadm backup ni a fi ń kó ẹ̀dà pamọ́. Àṣẹ yìí gba ìṣọ́ra: ó máa ń sọ ibi tí à ń kó o lọ di bákan náà pẹ̀lú ibi tí a ti kó o. Ohun tí ó bá wà ní ibi àkọ́kọ́ tí kò sí ní èkejì yóò parẹ́.

Doveadm expunge ni ó ń pa ímeèlì rẹ́. Bí a bá fi savedbefore 90d kún un, èyí tí ó ti lé ní 90 ọjọ́ nínú àpótí tí a dárúkọ ni yóò pa. Àwọn alákòóso máa ń fi doveadm search dán irú ìbéèrè kan náà wò ṣáájú, kí wọ́n lè rí ohun tí yóò kàn. Lórí ìpamọ́ irú mdbox, àyè inú díìsìkì kì í ṣí sílẹ̀ àyàfi tí a bá lo doveadm purge.

Ààlà

Doveadm kì í pa orúkọ àkáǹtì fúnra rẹ̀ rẹ́. Inú fáìlì, SQL tàbí LDAP ni orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà wà, níbẹ̀ ni a sì ti gbọ́dọ̀ yọ wọ́n.

Òfin àti ìlànà

Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sọ pé a kò gbọdọ̀ tọ́jú dátà ẹnìkan kọjá ìgbà tí ìdí tí a fi gbà á bá ti parí. Google pẹ̀lú kéde ní ọdún 2023 pé òun lè pa àkáǹtì aládàáni tí a kò lò fún ọdún 2 rẹ́.