Èyí tó ká, èyí tó là: kí ló wà lábẹ́ Lẹ́kí?

Tí ògiri bá lanu l'Ájà, àwọn kan á ní ilẹ̀ ló mì. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti etí ẹní wọ àárín: yóò wú, yóò ká, kò ní ya. Bẹ́ẹ̀ ni àpáta inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, tí ooru ti mú rọ̀, ṣe ń ká. Folding nìyẹn. Ìlà tó rí bí ìgbì lára àpáta Ìbàdàn, àmì rẹ̀ ni.

Ẹ wá tẹ bísíkíìtì: ó kán! Tí àpáta bá là, tí apá kan sì yẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, faulting nìyẹn. Irú ojú ìlà bẹ́ẹ̀ kan gba Ifẹ̀wàrà kọjá, l'Ọ́ṣun. Yíyẹ̀ òjijì yìí ló ń mi ilẹ̀. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹfà, 1939, ilẹ̀ mì l'Ákíráà ní ìwọ̀n 6.5, ilé wó, ẹ̀mí lọ. Ní ọjọ́ 28, oṣù Keje, 1984, ó kan Ìjẹ̀bú-Òde.

Lẹ́kí ńkọ́? Yanrìn tí òkun kó jọ ni, àti àbàtà tí wọ́n fi yanrìn dí. Àpáta líle jìnnà sísàlẹ̀. Yanrìn kì í ká bí ẹní. Ṣe ló ń rì lábẹ́ ẹrù. Ìdí nìyẹn tí ògiri púpọ̀ fi ń sán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá mì níbòmíì, yanrìn tútù máa ń mì ju àpáta lọ.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó ilé, ẹ bèèrè: ṣé wọ́n yẹ ilẹ̀ yìí wò kí wọ́n tó kọ́ ọ? Ó dìgbà o.