Kí ló dé tí fíláàsì yín fi kọ fíìmù ńlá? Ìtàn nọ́ńbà tó kún wọ́ sílẹ̀ 🧵

Fíláàsì GB 32, ó ṣófo. Ẹ fẹ́ da fíìmù GB 5 sí i, ó ní fáìlì ti tóbi jù. Ẹni tó bá ń gbé Ìkéjì-Arákejì láàárín àwọn ọmọ JABU, níbi tí fíláàsì ti ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, mọ ohun tí mò ń sọ. Fíláàsì yẹn ò bàjẹ́ o.

Ẹyọ 20,000 làwọn baba wa ń kà sínú ọ̀kẹ́ kan. Tó bá kún, wọ́n á mú òmíràn. Nọ́ńbà inú C ò ní ọ̀kẹ́ kejì. Iye bit tí wọ́n fún un ni ọ̀kẹ́ rẹ̀. Tó bá kún, ó lè padà sí òdo, tàbí kó bọ́ sísàlẹ̀ òdo bíi gbèsè.

Nígbà tí Unix ṣì wà lórí PDP-11, bit 16 ni int: kò lè kọjá 32,767. Fáìlì sì ń gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wá ń fi báìtì 512 ṣe ìdì kan, ìdì yẹn ni wọ́n ń kà. Ní 1979, Version 7 gbé lseek dé. "l" iwájú rẹ̀, long ni, bit 32. Ó gbé wa dé báìtì 2,147,483,647, ìyẹn GB 2. Ta ló fẹ́ ní fáìlì tó tó yẹn nígbà náà?

Ní 1996 ó ti kún. Àwọn oníṣẹ́ Unix ṣèpàdé Large File Summit, wọ́n fẹnu kò lórí off_t bit 64, pẹ̀lú fseeko àti ftello. Ẹ wá wo Microsoft: ọdún kan náà ni FAT32 jáde, bit 32 ló sì fi kọ ìwọ̀n fáìlì! GB 4 lòpin. Òun ló kọ fíìmù yín. (Ẹ fi exFAT fọ́ọ̀mátì ẹ̀ jàre, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù inú ẹ̀ kúrò.)

Fíláàsì tó kọ̀ ṣì ṣe yín lóore. Ẹ rántí Stagefright, 2015, lórí Android. C++, ọmọ ìyá C, ni wọ́n fi kọ ọ́. Fáìlì MP4 fúnra ẹ̀ ló ń sọ bí òun ṣe tóbi tó. Android ro ìwọ̀n méjì pọ̀, àròpọ̀ kún wọ́ sílẹ̀, ó di kékeré. Ó ya àyè kékeré, ó wá da ẹrù ńlá sí i. MMS kan ṣoṣo, àjèjì lè wọ fóònù èèyàn.

Torí náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò KÍ ẹ tó ròó pọ̀:

if (b > SIZE_MAX - a) return -1;

Tó bá jẹ́ ìsọdipúpọ̀:

if (n && size > SIZE_MAX / n) return -1;

Ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá rò ó tán. Pẹ̀lú int, òfin C ò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó bá kún wọ́ sílẹ̀, compiler sì lè torí ẹ̀ gbà pé kò lè ṣẹlẹ̀, kó pa àyẹ̀wò yín rẹ́ láì sọ fún yín.

ftell ńkọ́? long ló ń dá padà, bit 32 ṣì ni long lórí Windows títí dòní. Ẹ lo _ftelli64 níbẹ̀. Lórí Linux bit 32, ẹ lo ftello, kẹ́ ẹ fi -D_FILE_OFFSET_BITS=64 kọ́mpáìlì.