Ẹ Má Ka Èyí Tó Wọlé Nìkan

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àríyànjiyàn tó dùn ní Òṣogbo, kó lọ dúró ti àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Ọláìyá láàárọ̀. Àwọn tí kì í ra ìwé, tí wọ́n kàn ń ka àkọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ló máa ń jiyàn jù. Òṣèlú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wá kan àwọn gólì, ìyẹn àwọn tó ń ṣọ́lé, ariwo á ta. Bàbá kan á ní kò tún sí gólì bí Emmanuel Okala ti Rangers mọ́. Òmíràn á ní irọ́ ni, Best Ogedegbe ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ṣebí òun ló ṣọ́lé ní Èkó lọ́dún 1980 nígbà tí a na Algeria ní góòlù mẹ́ta sí òdo, tí a kọ́kọ́ gba Ife Áfíríkà. Àwọn tó kéré díẹ̀ á ní Peter Rufai ni tiwọn.

Ní ọdún 2025, lẹ́yìn tí àwọn obìnrin wa gba Ife Áfíríkà wọn ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá, ọmọkùnrin kan dárúkọ Chiamaka Nnadozie níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bá di ti obìnrin. Ẹnì kan ní Precious Dede ju Nnadozie lọ. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n má gbàgbé Ann Chiejine tó ṣáájú gbogbo wọn. Ni ọkùnrin kan tó di ìwé ìròyìn lọ́wọ́, tí kò tíì sanwó rẹ̀, bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyẹn náà ń ṣe gólì? Ṣé góòlù méje kọ́ ni wọ́n gbá wọlé wa ní Ṣáínà?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kò lè rẹ́rìn-ín. Ìdí rẹ̀ ni pé irú ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde láti inú gègé tèmi rí, ó sì ba nǹkan jẹ́. Màá sọ ọ́ tó bá yá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ọmọdé ni mo wà, ṣùgbọ́n mo rántí ayọ̀ ọjọ́ náà. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí ìdíje Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ fún àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà. Orílẹ̀-èdè méjìlá ló lọ, Nàìjíríà nìkan ló sì ti Áfíríkà lọ. Ann Agumanu, tí gbogbo ènìyàn padà mọ̀ sí Ann Chiejine, ló ń ṣọ́lé fún wa. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Jámánì gbá mẹ́rin wọlé wa, Ítálì gbá ọ̀kan, Chinese Taipei gbá méjì. Àwa kò rí ẹyọ kan ṣoṣo gbá wọlé ẹnikẹ́ni. Méje yẹn náà ni ọkùnrin Ọláìyá ń kà.

Òótọ́ ni pé méje ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò mìíràn hàn yín. Ní ọdún 1998, ìdíje Ife Áfíríkà àwọn obìnrin wáyé nílé wa níbí. Ìdíje márùn-ún làwọn obìnrin wa gbá. Wọ́n gbá góòlù méjìdínlọ́gbọ̀n wọlé àwọn ẹlòmíràn, kò sì sí ẹni tó rí ẹyọ kan gbá wọlé wọn. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti na Ghana ní méjì sí òdo láti gba ife náà. Bó bá jẹ́ pé èyí tó wọlé nìkan là ń kà, a jẹ́ pé kò sí ẹni tó ṣọ́lé jù wá lọ láyé. Ó wá di oṣù kẹfà ọdún 1999, oṣù mẹ́jọ péré lẹ́yìn rẹ̀, Amẹ́ríkà gbá méje wọlé ẹgbẹ́ kan náà níbi Ife Àgbáyé. Ṣé ọwọ́ gólì ló ṣàdédé rọ láàárín oṣù mẹ́jọ ni? Rárá o. Ní Abẹ́òkúta, bọ́ọ̀lù kì í sábà dé ọ̀dọ̀ gólì. Ní Amẹ́ríkà, bí òjò ló ń rọ̀ lé e lórí. Ẹgbẹ́ yìí náà ló sì na North Korea àti Denmark nínú ìdíje kan náà tí wọ́n fi bọ́ sí àárín àwọn mẹ́jọ tó kù, kí Brazil tó fi góòlù mẹ́rin sí mẹ́ta lé wọn jáde ní àfikún àkókò.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ti wọlé nìyí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí. Wọ́n rán mi lọ sí Iléṣà láti lọ wo ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé girama méjì, tí n kò ní dárúkọ wọn. Mo pẹ́ dé. Wọ́n ti gbá mẹ́ta wọlé ẹgbẹ́ kan kí n tó jókòó, wọ́n sì tún gbá mẹ́ta sí i. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé gólì ọ̀hún, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, "ajádìí apẹ̀rẹ̀ ni, kò gba omi dúró." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀gá mi pàápàá yìn mí.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí olùkọ́ kan fi wá bá mi ní ọ́fíìsì. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní eré ìdárayá. Kò bínú, kò pariwo. Ó kàn yọ ìwé kékeré kan jáde, ó ṣí i síwájú mi. Ilà ló fà síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá sí ilé ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Mẹ́fà wọlé. Ọmọ náà mú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó ní, "Bọ̀dá, kóòṣì kan ní Òṣogbo ti ní kó wá fi ara rẹ̀ hàn. Bàbá rẹ̀ ka ìwé yín sókè láàárín ilé. Ọmọ náà ní òun ò lọ mọ́."

Mo lọ sí Iléṣà. Ọjà Àtàkúmọ̀sà ni mo ti bá ìyá ọmọ náà nídìí ẹ̀lùbọ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ọjà, mà. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn." Ó fa àpótí fún mi kí n jókòó. Ó ní, "Bọ̀dá oníwèé ìròyìn, ẹ rí mẹ́fà tó wọlé. Ta ló rí èyí tó fi àyà gbà? Èmi ni mo fi omi gbígbóná jó o lálẹ́ ọjọ́ yẹn." N kò ní èsì. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí n kò gbàgbé títí dòní. Ó ní, "Bàbá mi ṣe òṣómàáló. Wọn kì í sọ iye tí wọ́n pàdánù láìsọ iye tí wọ́n tà."

Ẹni tó bá jẹ́ Ìjẹ̀ṣà mọ ohun tí obìnrin yìí ń wí. Àwọn òṣómàáló ni àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri ìlú, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gba owó àwọn. Ẹ wá wò ó ná: bí òṣómàáló kan bá ta aṣọ fún èèyàn mẹ́wàá, tí méjì kò san, tí èkejì ta fún ọgọ́rùn-ún, tí mẹ́fà kò san, ta ló mọ owó gbà jù? Ẹni tó pàdánù mẹ́fà ni, nítorí ó gba mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ti èkejì kò ju ọgọ́rin lọ. Gólì náà nìyẹn. Òun náà ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Iléṣà yẹn gba ohun tó lé ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Èmi ni mo ka gbèsè rẹ̀ nìkan.

Ọmọ àbúrò mi kan tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà ló padà sọ fún mi pé ìṣirò yìí gan-an ni wọ́n fi ń wọn àwọn gólì obìnrin tó ń gbá họ́kì orí yìnyín ní yunifásítì wọn. Rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ ni wọ́n ń fi igi gbá, ó sì ń fò bí ọta ìbọn. Wọn kì í ka èyí tó wọlé nìkan. Wọ́n ń ka gbogbo èyí tó wá, kí wọ́n tó wo iye tí gólì mú nínú ọgọ́rùn-ún. Ann-Renée Desbiens, ọmọ Kánádà tó kàwé ní Wisconsin, mú mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ní sáà 2015 sí 2016. Síbẹ̀ Minnesota lé ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde ní ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, mẹ́ta sí méjì. Ẹ ò rí i pé gólì lè ṣe tirẹ̀ tán kí ẹgbẹ́ ṣì pàdánù? Ìṣirò náà kò sì pé tán, nítorí ẹgbẹ́ tó ní àwọn adènà tó le lè máà jẹ́ kí ohun tó burú dé ọ̀dọ̀ gólì rárá. Ṣùgbọ́n ó sàn ju kí á máa ka gbèsè nìkan lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá fojú yìí wo àwọn tiwa. Precious Dede wà nínú ẹgbẹ́ tó lọ sí Ife Àgbáyé mẹ́rin, láti 2003 títí dé 2015, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà nígbà mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ní Jámánì lọ́dún 2011, Faransé rí ẹyọ kan gbá wọlé rẹ̀, Jámánì tó gba àlejò rí ẹyọ kan, Kánádà kò rí nǹkan kan. Góòlù méjì nínú ìdíje mẹ́ta! Síbẹ̀ a kò kọjá ibẹ̀, nítorí iwájú kò gbá ju ẹyọ kan lọ. Tochukwu Oluehi ni tiẹ̀, ní Accra lọ́dún 2018, Cameroon kò rí ilé rẹ̀ wọ̀, South Africa kò rí i wọ̀ ní àṣekágbá, pẹ́nárítì la fi borí àwọn méjèèjì.

Nnadozie ló wá kàn. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni lọ́dún 2019 tí a na South Korea ní méjì sí òdo ní Ife Àgbáyé. Kò tíì sí gólì tó kéré tó o tó parí ìdíje kan níbẹ̀ láìjẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé. Lọ́dún 2023, ó mú pẹ́nárítì Christine Sinclair ti Kánádà, ògbólógbòó agbágóòlù. Nínú ìdíje mẹ́rin tí a gbá, Australia nìkan ló rí ilé rẹ̀ wọ̀, lẹ́ẹ̀mejì, a sì na Australia. Pẹ́nárítì ni England fi lé wa. Áfíríkà ti fi í ṣe gólì obìnrin tó dára jù lọ lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, ní 2023, 2024 àti 2025.

Bí ẹ bá wá fún mi lọ́rùn pé kí n dáhùn, màá ní Nnadozie ni mo fẹ́ kó dúró bí wọ́n bá fẹ́ gba pẹ́nárítì. Dede ni mo fẹ́ bó bá jẹ́ ti ọdún púpọ̀ láìṣàárẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó dojú kọ Jámánì lọ́dún 1991, tí ẹnikẹ́ni kò rìn ọ̀nà náà ṣáájú rẹ̀, tó sì padà di kóòṣì nínú ẹgbẹ́ náà, ẹ má fi góòlù méje bú u. Ta ló ka èyí tó mú?

Ọmọ Iléṣà yẹn kò padà sí bọ́ọ̀lù. Ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ. Mo kọ àtúnṣe sínú ìwé ìròyìn nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bó bá ti bọ́, kì í ṣeé kó. Nígbà tí mo bá lọ wo àwọn Ọ̀ṣun Babes ní Òṣogbo báyìí, ìwé kékeré kan máa ń wà lápò mi. Ilà ni mo ń fà síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti èyí tó wọlé àti èyí tí wọ́n mú. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá ń jiyàn ní Ọláìyá, ẹ ka méjèèjì.