Suraiya: Ohùn tó ń bọ́ ilé, ìfẹ́ tí ilé kò fọwọ́ sí

Ó ṣòro kí a tó rí ọmọ agbègbè Tchaourou ní Benin, ìbáà jẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́, ìbáà jẹ́ Ìbàrìbá, tí kò wo fíìmù Índíà rí. Àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń kó o wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti nǹkan bí ọdún 1950. Ó gba ilé sinimá kọjá, ó di kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ó sì ti wá di eré alátìgbàdégbà tí wọ́n ń fi èdè Faransé sọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn èèyàn a máa kọ orin inú rẹ̀ láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé arẹwà tó ń jó lójú àwòrán yẹn kọ́ ló ń kọrin. Ẹlòmíràn ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Ti òṣèré ni kó máa ya ẹnu bá a lọ. Kò fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Alam Ara, fíìmù Índíà àkọ́kọ́ tó ń sọ̀rọ̀, jáde ní oṣù kẹta ọdún 1931, ní ìgbà náà, ẹni tí kò lè kọrin kò lè ṣeré, bó ṣe rí gan-an nínú ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ogunde lọ́dọ̀ tiwa. Nígbà tí àsìkò àwọn akọrin-òṣèré wọ̀nyẹn ń parí lọ, obìnrin tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láàárín wọn ni Suraiya.

Suraiya Jamal Sheikh ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1929 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ Punjab, ní apá tó ti di Pakistan báyìí. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí wọ́n kó lọ sí Bombay, ìlú tí à ń pè ní Mumbai lónìí. Ìdílé Mùsùlùmí ni. Bàbá wà níbẹ̀, ìyá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Badshah Begum, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ni àṣẹ ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Arákùnrin ìyá rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Zahoor tún jẹ́ òṣèré, ìkà èèyàn ló sì sábà máa ń ṣe nínú fíìmù. Nígbà tí ọmọ náà gba ìsinmi ilé ìwé, ó bá arákùnrin yìí lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù Taj Mahal. Olùdarí fíìmù rí i, ó ní òun rí ẹni tí yóò ṣe ayaba inú ìtàn náà nígbà tó wà lọ́mọdé. Fíìmù náà jáde ní 1941.

Kò lọ kọ́ orin lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan. Orí ètò àwọn ọmọdé ní ilé iṣẹ́ rédíò Bombay ló ti ń kọ ọ́, pẹ̀lú àwọn ọmọ bíi tirẹ̀ tí àwọn náà wá di èèyàn ńlá: Raj Kapoor tó di òṣèré, Madan Mohan tó di olórin. Naushad, tó ń ṣe orin fún fíìmù, gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ní kó wá kọrin fún Sharda ní 1942. Mehtab ni òṣèrébìnrin tí wọ́n fẹ́ fi ohùn náà sí lẹ́nu. Àgbà obìnrin ni, kò sì kọ́kọ́ dá a lójú pé ohùn ọmọdé yóò bá òun mu. Àpótí ni wọ́n gbé Suraiya lé kí ẹnu rẹ̀ tó lè dé ibi makirofóònù, nítorí ọmọ bí ọdún 13 ni. Ó dùn mọ́ mi nínú pé ẹni tí a wá mọ̀ mọ́ fífi ohùn ara rẹ̀ ṣeré, ohùn yíyá fún ẹlòmíràn ló fi bẹ̀rẹ̀.

K. L. Saigal, àgbà akọrin-òṣèré ọkùnrin ìgbà náà, gbọ́ ọ níbi tí ó ti ń dán orin wò, ó sì dárúkọ rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ ṣe Tadbir. Fíìmù náà jáde ní 1945. Àwọn méjèèjì jọ ṣe méjì sí i, Omar Khaiyyam ní 1946 àti Parwana ní 1947, kí Saigal tó kú ní oṣù kìíní ọdún 1947. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pín Índíà sí méjì. Noor Jehan àti Khurshid, àwọn akọrin-òṣèré tó ń bá a du ipò, kọjá sí Pakistan. Suraiya kò lọ. Ọjà wá kù sí òun nìkan lọ́wọ́. Pyar Ki Jeet jáde ní 1948, Badi Behen àti Dillagi tẹ̀ lé e ní 1949, owó tí wọ́n sì ń san fún un wọ́n ju ti òṣèrébìnrin yòówù lọ. Dharmendra, tí òun náà di ìràwọ̀ lẹ́yìn náà, sọ pé ogójì ìgbà ni òun wo Dillagi nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́. Níwájú ilé wọn, Krishna Mahal, lójú ọ̀nà etí òkun Marine Drive, èrò a máa pé jọ títí ọkọ̀ kò fi ní rí ọ̀nà kọjá.

Nígbà tí wọ́n ń ya Vidya, tó jáde ní 1948, òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì lókìkí tó o jọ wà nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń ya orin. Ọkọ̀ dojú dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló fà á jáde nínú omi. Dev Anand ni orúkọ rẹ̀, ẹlẹ́sìn Híńdù sì ni. Láàárín 1948 sí 1951 wọ́n jọ ṣe fíìmù méje, Afsar sì wà lára wọn, fíìmù àkọ́kọ́ tí Navketan, ilé iṣẹ́ Dev àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Chetan, gbé jáde ní 1950. Dev ra òrùka tó tó 3,000 rupí, ó fi rán ayafíìmù kan sí i. Suraiya gbà á. Nígbà tí ìyá àgbà mọ̀, ó yarí. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń ya fíìmù, yóò jókòó ti ọmọ-ọmọ rẹ̀, yóò máa wo bí wọ́n ṣe ń ṣe, àwọn òṣèré ẹlẹgbẹ́ wọn ló sì ń bá wọn gbé lẹ́tà káàkiri. Wọ́n ní inú òkun iwájú ilé náà ni òrùka parí sí.

Ẹ̀sìn ni wọ́n fi kọ̀. Fún ẹni tó ń gbé Tchaourou, ọ̀rọ̀ yìí lè ṣàjèjì, torí ilé kan náà ni Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ti ń jẹun pọ̀. Boni Yayi, ọmọ bíbí ìlú náà tó ṣe ààrẹ Benin láti 2006 sí 2016, ìdílé Mùsùlùmí ló ti wá kó tó di Onígbàgbọ́ Ajíhìnrere. Ṣùgbọ́n ọdún díẹ̀ péré ló tíì kọjá lẹ́yìn ìpínyà Índíà ní 1947, nígbà tí Híńdù, Síìkì àti Mùsùlùmí pa ara wọn bí ẹran ní Punjab tí ìdílé Suraiya ti wá, tí Dev náà ti wá. A kò lè fojú kéré ẹ̀rù ìyá àgbà.

Síbẹ̀, èmi kò gbà pé ẹ̀sìn nìkan ni. Ọmọ yìí ló ń bọ́ ilé. Bí ó bá relé ọkọ, ohùn tó ń mú owó wọlé yóò bá a lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa níbí. Àwọn òṣèrébìnrin Ogunde a máa fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí ọkọ tàbí nítorí àwọn òbí wọn, ọgbọ́n tí bàbá náà sì dá sí i ni pé ó fẹ́ wọn fúnra rẹ̀. Badshah Begum kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè ṣe kò ju kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ ẹ lọ. Suraiya sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ìgboyà òun ni kò tó, àti pé ẹ̀rù ohun tí wọ́n lè ṣe sí Dev náà ń ba òun.

Iṣẹ́ náà tún ń yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti 1949 ni Lata Mangeshkar ti ń gba ìgboro, tó ń kọrin fún òṣèrébìnrin yòówù. Nígbà tí ẹnì kan ti lè yá gbogbo ẹnu ní ohùn, àwọn aṣefíìmù kò wá ẹni tó mọ méjèèjì ṣe mọ́. Arẹwà tó lè jó ti tó. Suraiya dúró. Ní 1954 ó ṣe olólùfẹ́ akéwì Ghalib nínú Mirza Ghalib tí Sohrab Modi darí, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ àwọn ewì Urdu náà lórin. Fíìmù yìí ló gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ààrẹ Índíà fún fíìmù tó dára jù lọ́dún náà. Olórí ìjọba, Jawaharlal Nehru, wò ó, ó sì sọ fún un pé ó ti jí ẹ̀mí Ghalib dìde. Ọdún 1954 yẹn náà ni Dev Anand gbé òṣèrébìnrin Kalpana Kartik níyàwó, nígbà tí wọ́n ń ya Taxi Driver lọ́wọ́.

Rustom Sohrab, ní 1963, ni fíìmù Suraiya tó kẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ kú lọ́dún yẹn. Kò ju ọmọ ọdún 34 lọ nígbà náà, kò sì padà sídìí iṣẹ́ náà mọ́. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé Krishna Mahal títí ìyá fi kú ní 1987. Kò lọ́kọ rí. Ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2004 ló kú ní ilé ìwòsàn kan ní Mumbai, ó jẹ́ ọmọ ọdún 74. Ní 2013, ìjọba Índíà ya àwòrán rẹ̀ sí sítáǹbù lẹ́tà nígbà tí sinimá orílẹ̀-èdè náà pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Dev Anand gbé ìwé ìtàn ayé ara rẹ̀, Romancing with Life, jáde ní 2007. Ó kọ nípa òrùka náà, nípa omijé, nípa ìyá àgbà tó dènà. Suraiya ti sọ tirẹ̀ fún àwọn oníròyìn kó tó kú. Badshah Begum kò fi ìwé kankan sílẹ̀ ní tirẹ̀, ẹnu àwọn méjèèjì tí ọ̀ràn náà dùn la ti mọ ohun tó ṣe.