Ìbò Jẹ́ Ẹ̀rí

Ẹ̀yin ará Ìfọ́n àti Ìlobùú, ẹ̀rí jíjẹ́ ni ìbò dídì. Áyà 135 nínú Súrátu-n-Nisáì pa á láṣẹ ká jẹ́rìí òdodo, ìbáà tako ará ilé wa.

Ní June 12, 1993, Mùsùlùmí ni Abíọ́lá àti igbákejì rẹ̀, Kingibe, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì dìbò fún wọn. Mùsùlùmí náà ni Tofa tó bá Abíọ́lá du ipò. Ní 2023, Mùsùlùmí ni Tinubu, Mùsùlùmí ni Atiku. Ọ̀ṣun fún Atiku ní 354,366, ó fún Tinubu ní 343,945.

Ẹ ò rí i pé "ṣé Mùsùlùmí ni?" nìkan ò tó. Ẹ bèèrè bó ṣe tọ́jú àmáánà tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbowó kó tó tẹ̀ka, ó ti ta ẹ̀rí rẹ̀. Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ ká jẹ́rìí èké. Àmín.